Ó Ku Ẹnì Kan

Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi kọ tíkẹ́ẹ̀tì
nínú àpótí pákó tí kò fẹ̀ ju pósí lọ
ní gáréèjì àtijọ́, ní Òṣogbo.
Kábọ́ọ̀nù rẹ ìka mi láró.
Ìlú aró kúkú ni, ẹnikẹ́ni ò bi mí léèrè.

Agbe ni ilé-iṣẹ́ tèmi. Ọkọ̀ wa dúdú bí aṣọ tó jẹ aró lẹ́ẹ̀mẹta.
Lékeléke wà ní òdìkejì títì, funfun báláú,
Sàkáríyàwù sì ni akọ̀wé wọn, ọ̀tá mi.
Bí a bá pe Àkúrẹ́ ní ẹgbẹ̀rún méjì náírà,
wọ́n á yọ igba kúrò níbẹ̀.
Bí wọ́n bá fún èrò ní omi inú ọ̀rá,
àwa á fi búrẹ́dì kún tiwa.
Ohùn àwọn ọmọ tó ń pèrò á ti ha kí aago mẹ́fà tó lù:
"Iléṣà, Àkúrẹ́! Ẹ wọlé, ó ku ẹnì kan!"
Irọ́ ni. Ó ku mẹ́sàn-án.
Èrò mọ̀ pé irọ́ ni, wọ́n á sì wọlé.

Mo mọ̀ wọ́n. Alágbà Fátókùn
tó ń gbé ojú lọ fún dókítà ní Àkúrẹ́ lóṣooṣù,
fèrèsé apá òsì ló máa ń bèèrè,
torí ojú òsì ló ṣẹ́kù fún un.
Ràfátù aránṣọ, tó ń lọ ra bọ́tìnì ní Iléṣà,
tó ń padà kí ọmú tó kún.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, lẹ́tà dé: a ti di ọ̀kan.
Mánéjà tuntun dìde, ó ní,
"Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà."
Mo pàtẹ́wọ́ pẹ̀lú wọn.
N kò rántí bèèrè pé àyà ta ni wọ́n fẹ́ sọ.

Erin méjì jà, koríko jìyà, a ti gbọ́ ìyẹn.
Erin méjì wá fẹ́ra wọn ńkọ́?
Koríko náà ni wọ́n fi hun ẹní.

Wọ́n kun gbogbo ọkọ̀.
Agbe ò láró mọ́, lékeléke ò lẹ́fun,
àwọ̀ eérú ni, àwọ̀ ààrò tí iná rẹ̀ ti kú.
Wọ́n ní Ìbàdàn ni gbogbo ọkọ̀ yóò ti máa pàdé.
Iléṣà tí à ń dé kí ẹ̀kọ gbígbóná tó tutù,
ẹni tó ń lọ síbẹ̀ á kọ́kọ́ lọ Ìbàdàn,
á wá padà.

Alágbà Fátókùn gbìyànjú ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.
Ó ní láàárọ̀, òun rí obìnrin kan tó ń ta ọsàn ní Gbọ̀ngán.
Lọ́sàn-án, ní Gbọ̀ngán kan náà, ohùn rẹ̀ nìkan lòún gbọ́:
obìnrin náà ti bọ́ sí apá ojú tó fọ́.
Ẹgbẹ̀rún mẹ́fà àbọ̀ náírà.
Dókítà ti lọ sílé kó tó débẹ̀.
Bọ́tìnì mẹ́rin ni Ràfátù ń rán sára ṣẹ́ẹ̀tì ilé-ìwé báyìí,
mẹ́fà ni tẹ́lẹ̀.

Inú fóònù ni tíkẹ́ẹ̀tì wà báyìí.
Ẹni tó ń lẹ táyà ti kó lọ. Ẹni tó ń gba ẹrù pa mọ́ ti kó lọ.
Èmi àti Sàkáríyàwù jọ ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì èrò,
à ń pín ẹ̀pà jẹ.
"Èébú tí à ń bú ara wa nígbà yẹn," ó ní,
"àṣé òun ló ń gba èrò sílẹ̀."

Ọmọ kan tó kù ní gáréèjì ṣì ń pariwo, àṣà ò jẹ́ kó sinmi:
"Ó ku ẹnì kan! Ó ku ẹnì kan!"
Lọ́tẹ̀ yìí, kò purọ́.

Ọ̀nà Iléṣà wà níwájú wa níbẹ̀.
Kò jìnnà.